Láti Ọrún dé 65,537: Nọ́ńbà Ńlá Kan Tí Kò Ṣeé Pín

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún." Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ti gbọ́ òwe yìí rí. Wọ́n mọ̀ pé a máa ń fi tu ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún nínú, a sì máa ń fi kìlọ̀ fún ẹni tí ayé ń yẹ pé kí ó má gbéra ga. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè pé ọjọ́ mélòó ni ó wà láti ọrún kan sí èkejì. Púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé márùn-ún ni, nítorí pé wọ́n gbọ́ àrún nínú orúkọ náà. Mẹ́rin ni. Inú ìyàtọ̀ ẹyọ kan péré tí ó wà láàrin mẹ́rin àti márùn-ún yìí ni ọ̀rọ̀ wa tòní ti ṣẹ̀. Ibi tí yóò sì já sí ni nọ́ńbà kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò mọ̀ bí ẹni mowó: 65,537.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè nìkan ni èyí. Ọmọ ilé-ìwé tí ó jókòó ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ní ìpínlẹ̀ Kwara (ẹ má ṣì í mú fún ìpínlẹ̀ Èkìtì o), tí ó fi fóònù ṣí ojú-ewé báńkì tàbí ti ilé-ìwé gíga kan, ó ṣeé ṣe dáadáa kí fóònù rẹ̀ ti lo 65,537 kí ojú-ewé náà tó jáde. Kò rí i, kò sì gbúròó rẹ̀. A ó padà sórí fóònù yìí. Ọjọ́ ni kí á kọ́kọ́ kà ná.

Bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́

Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ wà lára ohun tí a ń kà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ìjẹta. Òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ẹ̀ta yẹn gan-an ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjẹrin rí. Ẹni tí ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú yóò sọ pé ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni ìjẹta, kò sì parọ́. Ohun tí a ń kà ni ó yàtọ̀: òun ń ka àlàfo, àwa ń ka òpó. Bí ẹ bá ri òpó márùn-ún mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, àlàfo mẹ́rin péré ni yóò wà láàrin wọn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn àgbà kò mọ ọjọ́ kà ni wọ́n ṣe ń pe ọjọ́ mẹ́rin ní ọrún. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ri òpó rí.

Bí ọjà ọrún ṣe ń ná nìyẹn. Ká ní ọjà kan ná ní ọjọ́ Ajé. Ẹ ka Ajé ní ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ní èjì, Ọjọ́rú ní ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ní ẹ̀rin, Ẹtì ní àrún. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà náà yóò tún ná. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin nítorí pé ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Ìsán ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀sán ni a kà á. Ìtàdógún ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ẹ̀tàdínlógún ni a kà á. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àti àwọn tí ń dá èésú fi ń ṣe ìpàdé.

Ẹ wá kọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìjẹta jẹ́ 2 ó lé 1, ó di 3. Ọrún jẹ́ 4 ó lé 1, ó di 5. Ìsán jẹ́ 8 ó lé 1, ó di 9. Ìtàdógún jẹ́ 16 ó lé 1, ó di 17. Àlàfo wọn ń di ìlọ́po méjì lẹ́sẹẹsẹ, orúkọ wọn sì ń fi ẹyọ kan lé e nígbà gbogbo.

Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín

Ẹ mú owó ẹyọ mẹ́sàn-án, kí ẹ ní kí àwọn ọmọ pín in dọ́gba. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, mẹ́ta mẹ́ta ni yóò kàn wọ́n, ìjà kò sí. Ẹ wá mú márùn-ún. Ọmọ méjì kò lè pín in kí ó má ṣẹ́ kù, ọmọ mẹ́ta kò lè pín in, ọmọ mẹ́rin náà kò lè pín in. Àfi bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún tí olúkúlùkù mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ọmọ kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. Prime ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. 2, 3, 5, 7, 11, 13 àti 17 wà lára wọn. A kì í ka 1 mọ́ wọn. Euclid, ará Gíríìsì, ti fi ẹ̀rí hàn láti nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi pé wọn kò lópin.

Ìjẹta, ọrún àti ìtàdógún, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni gbogbo wọn. Ìsán nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ṣé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí á máa sọ àlàfo náà di ìlọ́po méjì lọ. 32 ó lé 1 jẹ́ 33, èyí tí í ṣe 3 lọ́nà 11. 64 ó lé 1 jẹ́ 65, ìyẹn 5 lọ́nà 13. 128 ó lé 1 jẹ́ 129, ìyẹn 3 lọ́nà 43. 256 ó lé 1 jẹ́ 257, èyí kò ṣeé pín! Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀dá dé: 513, 1,025, 2,049, 4,097, 8,193, 16,385 àti 32,769, gbogbo wọn ni ó ṣeé pín. Lẹ́yìn náà ni 65,536 ó lé 1, tí í ṣe 65,537, jáde. Kò ṣeé pín.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí bí a bá ka iye ìgbà tí a ti sọ nǹkan di ìlọ́po méjì. A bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Ìgbà kan gbé wa dé 2, ìgbà méjì gbé wa dé 4, ìgbà mẹ́ta gbé wa dé 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iye ìgbà náà bá jẹ́ 1, 3, 5, 7 tàbí 9, èsì tí a fi ẹyọ kan lé ni 3, 9, 33, 129 àti 513. 3 yóò pín gbogbo wọn láìṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ 2, 6, 10 tàbí 14, èsì rẹ̀ ni 5, 65, 1,025 àti 16,385. 5 ni yóò pín àwọn wọ̀nyẹn. Bí ó bá jẹ́ 4 tàbí 12, èsì rẹ̀ ni 17 àti 4,097, èyí tí í ṣe 17 lọ́nà 241. Ẹ rí i pé àgbà tí ó ṣáájú nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan ni ó ń pín àwọn àbúrò rẹ̀. Àwọn tí kò ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí iye ìgbà wọn jẹ́ 1, 2, 4, 8 àti 16, níbi tí iye ìgbà fúnra rẹ̀ ti ń di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ìsán fi kùnà: ìgbà mẹ́ta ni a sọ ọ́ di ìlọ́po, ìjẹta sì ni àgbà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ifá àti 256

Ẹni tí ó bá mọ̀ nípa Ifá yóò ti rí i pé a ti dárúkọ 16 àti 256 kọjá. Ojú Odù mẹ́rìndínlógún ni ó wà, gbogbo Odù lápapọ̀ sì jẹ́ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ibi tí iye yìí ti wá kò fara sin. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè dojú dé, ó sì lè dojú sókè. Ọ̀nà méjì péré ni. Ojú mẹ́rin tí ó wà lápá kan yóò fún wa ní 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, èyí tí í ṣe 16. Bí a bá da apá méjèèjì pọ̀, yóò jẹ́ 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256. Bí ó bá sì jẹ́ ikin ni awo ń lò, ọ̀nà méjì náà ni: bí ikin kan bá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, yóò tẹ ojú méjì, bí méjì bá ṣẹ́ kù, yóò tẹ ojú kan. Ká wá ní a dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì kọ Odù tí ó kọ́kọ́ jáde àti èyí tí ó tẹ̀lé e sílẹ̀. Iye ọ̀nà tí àwọn méjèèjì lè gbà tẹ̀léra jẹ́ 256 lọ́nà 256, ìyẹn 65,536. Ẹ fi ẹyọ kan lé e, ẹ ti dé ibi tí à ń lọ.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí ti ṣọ́ra. A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé Ifá ni ó bí kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ sì ń gbé e lọ síwájú kíláàsì. Òótọ́ ni pé byte kan nínú kọ̀ǹpútà jẹ́ àyè mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1, tí irú rẹ̀ sì jẹ́ 256 gẹ́gẹ́ bí ti Odù. Ṣùgbọ́n pé nǹkan méjì jọra kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ní ọdún 1703 ni Gottfried Leibniz, ará Jámánì, tẹ àlàyé tirẹ̀ lórí fífi 0 àti 1 nìkan ka nǹkan jáde. Àwòrán àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ni ó fi wé e, kì í ṣe Ifá. Àwọn babaláwo pẹ̀lú kò wá nọ́ńbà àkọ́kọ́ kiri. Ẹsẹ Ifá ni wọ́n ń há sórí, ọ̀rọ̀ ayé àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wá ojútùú sí. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Ifá ní ọdún 2005 pé ó wà lára àwọn ogún pàtàkì tí ọmọ aráyé ní, ìmọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n kà sí. Ní tèmi, Ifá kò nílò kí á yá ẹ̀wù ẹlẹ́wù wọ̀ fún un. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ọmọ tí ó bá ti lóye bí ojú mẹ́jọ ṣe di 256 ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó wọ kíláàsì.

Fermat àti irọ́ tí ó lo ọdún méjìléláàdọ́rùn-ún

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn nọ́ńbà yìí lára ni Pierre de Fermat, amòfin kan ní ilẹ̀ Faransé tí ó fẹ́ràn ìṣirò ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó rí i pé bí a bá yọ ẹyọ kan kúrò lára ọrún, tí a sọ ìyókù di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a sì dá ẹyọ náà padà, ìtàdógún ni yóò jáde: 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16, ó lé 1, 17. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 17, yóò di 257. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 257, yóò di 65,537. Ní ọdún 1640, Fermat kọ lẹ́tà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun gbàgbọ́ pé bó ti wù kí á ṣe é tó, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni yóò máa jáde. Ó sọ pé òun kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀.

Èyí tí ó tẹ̀lé 65,537 ni 4,294,967,297. Ó tóbi débi pé kò sí ẹni tí ó rí ọ̀nà pín in nígbà náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Eléyìí lo ọdún méjìléláàdọ́rùn-ún. Ní ọdún 1732, Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, fi hàn pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni 4,294,967,297. Láti ìgbà náà títí di òní, kò sí ẹni tí ó rí ẹlòmíràn kún àwọn márùn-ún tí Fermat mọ̀. 65,537 ni ó sì tóbi jù nínú wọn.

Ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ fún wa

Ẹ pe àwọn nọ́ńbà náà ní èdè wa, kí ẹ fetí sílẹ̀. 17 ni mẹ́tàdínlógún. 257 ni igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. 65,537 ni ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta jẹ́ 6,000 ó dín 1,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́ 600 ó dín 100. Ohun tí ó ń padà wá ní òpin gbogbo wọn ni "mẹ́tàdín". Ní èdè wa, nọ́ńbà tí ó bá fi 7 parí máa ń gba ẹ̀tà láti inú èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Ṣé gbogbo irú nọ́ńbà yìí ni yóò máa fi 7 parí? Bẹ́ẹ̀ ni, láti orí ìtàdógún lọ. 16 fi 6 parí. Nọ́ńbà tí ó bá sì fi 6 parí, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, 6 náà ni yóò fi parí, nítorí pé 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36. Ẹ fi ẹyọ kan lé e, ó di 7. Eléyìí kò lópin. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ju "seventeen" lọ kò ní gbọ́ ohun tí "mẹ́tàdínlógún" ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò lè ka nǹkan ní Yorùbá kọjá ogún mọ́. Ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ.

Ká ní owó ẹyọ ni à ń ná síbẹ̀. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tí ó ní 65,537 yóò ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹgbàá méjì, okùn méjìdínlógójì, yóò sì ku ẹyọ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀. Ìtàdógún tún yọjú! Gbogbo owó yìí, kò sí bí ẹ ṣe lè pín in dọ́gba fún ọmọ méjì, fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tàbí fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Kò di dandan kí á dán gbogbo nọ́ńbà wò. Bí nọ́ńbà méjì bá so pọ̀ di 65,537, èyí tí ó kéré nínú wọn kò lè ju 256 lọ, nítorí pé 257 lọ́nà 257 ti kọjá rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kò ju 256 lọ jẹ́ mẹ́rìnléláàdọ́ta, kíláàsì kan sì lè pín iṣẹ́ náà ṣe láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n Euler fi ọ̀nà àbùjá hàn wá: nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ó bá lè pín 65,537, bí a bá yọ 1 kúrò lára rẹ̀, 32 gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. Nínú àwọn mẹ́rìnléláàdọ́ta yẹn, méjì péré ni ó rí bẹ́ẹ̀: 97 àti 193. Ẹ fi 97 pín 65,537, yóò ṣẹ́ ku 62. Ẹ fi 193 pín in, yóò ṣẹ́ ku 110. Ó parí. Irú ọ̀nà yìí ni ó mú 641 jáde fún un. 64 ni a ń lò dípò 32 níbẹ̀, 641 sì ni ẹni karùn-ún tí ènìyàn yóò dán wò.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ fi ọwọ́ ara yín ṣe. Ẹ sọ 3 di ìlọ́po 5, kí ẹ fi 2 kún un: 17. Ẹ sọ 3, 5 àti 17 di púpọ̀ pọ̀, 255 ni. Ẹ fi 2 kún un: 257. Ẹ sọ 3, 5, 17 àti 257 di púpọ̀ pọ̀, yóò jẹ́ 65,535. Ẹ fi 2 kún un. Nítorí náà, ẹni yòówù nínú àwọn àgbà mẹ́rin yìí tí ẹ bá fi pín 65,537, méjì ni yóò máa ṣẹ́ kù.

Nípa àwòrán, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ní ọdún 1796, Carl Friedrich Gauss, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún ní Jámánì, fi hàn pé a lè fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya àwòrán onígun 17 tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. A lè ya onígun 65,537 bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ará Jámánì mìíràn, Johann Gustav Hermes, fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Göttingen. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òbìrípo.

Bí ó ṣe dé inú fóònù

Ní ọdún 1977, àwọn mẹ́ta kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, Rivest, Shamir àti Adleman, ṣe àgádágodo kan tí a fi lẹ́tà orúkọ wọn pè ní RSA. Ẹ fojú inú wo àgádágodo tí ẹnikẹ́ni lè tì pa, ṣùgbọ́n tí ẹni kan ṣoṣo lè ṣí. Ẹni náà yan nọ́ńbà àkọ́kọ́ ńlá méjì, ó sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, ó sì fi èsì rẹ̀ han gbogbo ayé. Èsì náà sábà máa ń gùn tó ẹyọ-nọ́ńbà 617. Láti so wọ́n pọ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n láti tú wọn ká padà, ọ̀rọ̀ di ẹtì. Ẹ rántí iye ọdún tí ẹyọ-nọ́ńbà mẹ́wàá péré gbà kí Euler tó tú u.

Ẹni tí ó fẹ́ ti ọ̀rọ̀ pa yóò sọ ọ̀rọ̀ náà di nọ́ńbà, yóò fi nọ́ńbà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò sì fi èsì ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ pín in, kí ó lè mú ohun tí ó ṣẹ́ kù. Ìgbà mélòó? Iye tí wọ́n sábà máa ń yàn ni 65,537. Kì í ṣe àṣírí; ó wà ní gbangba nínú ìwé ẹ̀rí àìmọye ojú-ewé, a sì máa ń lò ó bákan náà láti mọ̀ pé ojú-ewé báńkì tí a ṣí kì í ṣe ti gbájúẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òun? Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá ń so nọ́ńbà kan mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ títí yóò fi pé 65,537 yóò ṣe ìsọdipúpọ̀ ní ìgbà 65,536. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, tí ó tún mú èsì náà sọ di ìlọ́po ara rẹ̀, ìgbà mẹ́rìndínlógún yóò gbé e dé 65,536. Ìgbà kan sí i ni yóò fi ẹyọ tí ó lé náà kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìgbà mẹ́tàdínlógún! Bí kọ̀ǹpútà bá fi 0 àti 1 kọ 65,537, àyè mẹ́tàdínlógún náà ni yóò gbà: 1 ní ìbẹ̀rẹ̀, 1 ní ìparí, 0 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàrin. Ó rọrùn fún fóònù láti ṣe, kò sì kéré débi tí yóò fi léwu. Nítorí pé kò ṣeé pín, ó tún rọrùn láti rí i dájú pé kò bá nọ́ńbà tí a fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ní ohun kan tí ó lè pín àwọn méjèèjì. Bí irú rẹ̀ bá wà, àgádágodo náà kò ní ṣeé ṣí mọ́.

Ó lé kan, ó dín kan

65,537 kì í ṣe òmìrán lónìí. Àwọn òmìrán gan-an kò sí lápá "ó lé kan", apá "ó dín kan" ni wọ́n wà: ẹ sọ 2 di ìlọ́po, kí ẹ yọ ẹyọ kan kúrò. 4 ó dín 1 jẹ́ 3, 8 ó dín 1 jẹ́ 7, 32 ó dín 1 jẹ́ 31, 128 ó dín 1 jẹ́ 127. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà rí ọ̀kan. A fi 2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìgbà 136,279,841, a sì yọ 1 kúrò. Ẹyọ-nọ́ńbà 41,024,320 ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ju gbogbo èyí tí a ti rí ṣáájú rẹ̀ lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni irú iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1996 ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń yá ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní GIMPS ní kọ̀ǹpútà wọn fún un.

Apá "ó lé kan" kò sọ púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn 65,537. Ẹ jẹ́ kí á pe 3 ní ti òdo, 5 ní ti ìkínní, 17 ní ti ìkejì, 257 ní ti ìkẹta, 65,537 ní ti ìkẹrin. Láti ti ìkarùn-ún, tí Euler pín, títí dé ti ìkejìlélọ́gbọ̀n, a ti mọ̀ pé gbogbo wọn ni ó ṣeé pín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan wà nínú wọn tí a mọ̀ pé wọ́n ṣeé pín tí a kò tíì rí ohun tí ó pín wọn. Èyí tí ó wà lẹ́yìn wọn ní ẹyọ-nọ́ńbà tí ó ju 2,500,000,000 lọ. A mọ̀ pé 7 ni yóò fi parí, ní ti pé orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wa yóò ní "ẹ̀tàdín" nínú. Bóyá ó ṣeé pín tàbí kò ṣeé pín, kò sí ẹni tí ó tíì mọ̀.